Ihò Tí Kì í Béèrè “Ta Nìyẹn?”

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi.

Kí n tó la ẹnu jìnnà, ẹ bá mi yọ fóònù yín jáde. Ẹ yí i po, kí ẹ wo etí rẹ̀ yí ká. Ihò mélòó lẹ rí? Ẹ má ka àwọn wínníwínní tí ohùn ń gbà jáde mọ́ ọn o. Àwọn kan á rí ẹyọ kan péré, èyí tí a fi ń ṣáàjì. Àwọn kan ṣì ní méjì. Ìkejì yẹn, èyí tó rí róbótó, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.5, òun ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, ṣé ihò íápíìsì ni àgbàlagbà yìí fẹ́ fi odidi ọ̀sán sọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fara balẹ̀. Íápíìsì tí mo mú dání yìí, mo ti lò ó fún fóònù mẹ́rin, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ṣe wọ́n. Mo ti tì í bọ rédíò, mo ti tì í bọ kọ̀ǹpútà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ta nìyẹn, ta ló ṣe ọ́, níbo la ti mọra. Ó wọlé, orin bẹ̀rẹ̀. Fóònù karùn-ún tí mo rà ni kò ti ríbi wọ̀.

Ihò yìí dàgbà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìdílé tẹlifóònù ló ti ṣẹ̀ wá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ẹnìkan bá fẹ́ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, òṣìṣẹ́ kan ní láti jókòó síwájú pátákó tí ihò pọ̀ lójú rẹ̀ bí afárá oyin, kó mú wáyà, kó ti orí rẹ̀ bọ ihò ẹni tí wọ́n ń pè. Orí wáyà ìgbà náà nípọn tó mìlímítà 6.35, ó sì wà láàyè títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí: òun náà ni àwọn onígìtá ń tì bọ ìdí gìtá wọn. Àbúrò rẹ̀, oní-3.5, àwọn rédíò kéékèèké alágbèéká ló gbé e jáde sójú ayé. Nígbà tí Sony gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde ní 1979, ihò méjì ni wọ́n dá sí i lára, kí ẹni méjì lè jọ gbọ́ orin kan náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹni kan ṣoṣo, wọ́n ṣì rántí fi àyè ẹnìkejì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo orí wáyà yìí. Àwọn òrùka dúdú ló pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ń gbé ohùn etí òsì, èyí tó tẹ̀ lé e ń gbé ti ọ̀tún. Nínú méjì tó kù, ọ̀kan ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà, ọ̀kan jẹ́ ti máìkì. (Kí n má pa irọ́ fún yín, àwọn tó ń ṣe fóònù ti jà lórí méjì tó kẹ́yìn yẹn rí. Àwọn kan fi máìkì síwájú, àwọn kan fi í sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí máìkì àwọn íápíìsì àtijọ́ kan fi máa ń yadi lára fóònù mìíràn.) Ó tán. Kò sí ọpọlọ kankan níbẹ̀. Bí ìró ṣe ń lọ sókè-sódò ni iná inú wáyà náà ń lọ sókè-sódò, awọ kékeré inú íápíìsì sì ń gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ohun tí kò ní ọpọlọ kò lè mọ ojúlùmọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Gbogbo ẹni tó bá dé ló ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn lè lò ó fún ohun tí ẹni tó ṣe é kò lá lálàá rí. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ Square ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ kóńkóló kan tó ń ka káàdì báńkì. Ihò íápíìsì ni wọ́n ń tì í bọ. Ẹ fa káàdì gba inú rẹ̀ kọjá, ìlà mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn káàdì á di ìró, ìró náà á gba ọ̀nà máìkì wọlé, fóònù á sì gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ohùn èèyàn. Oníṣòwò kékeré tí kò lágbára ẹ̀rọ ńlá bá di ẹni tó ń gba owó káàdì. Square kò ní láti lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ṣe fóònù kí ihò náà tó gbà á. Ọ̀pá tí àwọn ọmọdé fi ń ya ara wọn ní fọ́tò náà, ihò yìí ni wáyà rẹ̀ ń wọ̀.

Ó dáa. Ta ló wá dí i?

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Apple ló kọ́kọ́ ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oppo ti ṣe fóònù kan tí kò ní in ní 2012, Moto Z náà sì ti jáde láìní in kí iPhone 7 tó dé ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ẹrù kékeré tó bọ́ sílẹ̀. Ti Apple ló dún. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fóònù náà han ayé, Phil Schiller, tó jẹ́ ọ̀gá ọjà títà níbẹ̀ nígbà náà, sọ pé ìgboyà ló mú àwọn ṣe é. Lórí pèpéle kan náà, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n gbé AirPods jáde, íápíìsì tí kò ní wáyà, ní dọ́là 159. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ìgboyà yẹn yẹ̀ wò títí. Ẹni tó bá ṣe ohun tó lè pa á lára, mo lè pè é ní onígboyà. Èyí tí èèyàn ṣe tí ó sì ń mú dọ́là 159 wọlé lórí etí kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí á wá orúkọ mìíràn fún un. Ẹ dárí jì mí, lórí etí méjì ni.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣàánú wa o. Wọ́n fi adáptà kékeré kan sínú páálí, kí ẹni tó ní íápíìsì àtijọ́ lè rí nǹkan fi so ó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, adáptà kò sí nínú páálí mọ́. Nígbà tó di iPhone 12 ní 2020, íápíìsì fúnra rẹ̀ ti jáde kúrò nínú páálí, orí ṣájà sì bá a lọ.

Àwọn tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí Google gbé Pixel àkọ́kọ́ jáde ní 2016 kan náà, ìpolówó wọn ń fi ihò íápíìsì yangàn. Kò tó ọdún kan àbọ̀, Pixel 2 dé, kò sí ihò. Samsung ṣe ìpolówó ní 2017 tí wọ́n fi ẹni tó ń fa adáptà kiri ṣẹ̀sín. Ní oṣù kẹjọ 2019, Galaxy Note 10 jáde, òun náà ti dí ihò. Èyí tó dùn mí jù ni ti Fairphone. Ilé-iṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n fi ń pe ara wọn ni ẹni tó ń ṣe fóònù tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú, kó tún un ṣe. Fóònù kẹrin wọn dé ní 2021 láìní ihò íápíìsì. Kí ni wọ́n gbé jáde tẹ̀ lé e? Íápíìsì aláìníwáyà. Mo ní kí n má sọ̀rọ̀ wọn láìdáa, torí bátìrì wọn ṣì ń yọ tẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Àwáwí wọn pọ̀, mo sì ti fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ní ihò ń jẹ́ kí omi wọlé. Galaxy S5 ti 2014 lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ihò ṣájà rẹ̀ ni wọ́n fi ìdérí dé. Ihò íápíìsì rẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, bátìrì rẹ̀ sì ń yọ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Wọ́n ní fóònù ti tín-ín-rín jù. Vivo ṣe X5 Max ní 2014 kan náà, mìlímítà 4.75 ni gbogbo sísanra rẹ̀, ihò íápíìsì sì wà lára rẹ̀. iPhone 7 sanra ju ìyẹn lọ, ó lé ní mìlímítà 7. Wọ́n ní àyè ni àwọn ń wá nínú rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Ti àyè yìí, mo gbà á fún wọn dé ìwọ̀n kan. Ihò náà gùn wọ inú ju bó ṣe hàn lójú lọ, bátìrì ló sì máa ń jàǹfààní àyè tó bá ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà kan jókòó ní Shenzhen, ní orílẹ̀-èdè China, ní 2017, ó tú iPhone 7, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ihò íápíìsì sí i lára, ó sì ń gbọ́ orin nínú rẹ̀. Ìyà jẹ ẹ́ kó tó ṣe é, ọ̀pọ̀ nǹkan ló bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àyè ibẹ̀ gbà á.

Mi ò ní sọ pé íápíìsì aláìníwáyà kò dára. Ẹni tó bá ti sáré ní òwúrọ̀ tí wáyà kò sì fi í lọ́rùn mọ́ lè jẹ́rìí. Wáyà ń lọ́, wáyà ń kọ́ etí ilẹ̀kùn, wáyà ti fa fóònù mi já bọ́ láti orí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ní kí n yan, ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta ni n óò yan aláìníwáyà. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n la ọ̀nà tuntun, ó dára. Kí ló dé tí wọ́n fi dí èyí tó wà tẹ́lẹ̀?

Ẹ wo ohun tí dídí rẹ̀ fà. Fóònù kò mọ orin. Nọ́ńbà ló tò sínú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Etí wa kò sì gbọ́ èdè nọ́ńbà. Ó gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ láàárín wọn, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń sọ nọ́ńbà di ìgbì iná. Nígbà tí ihò wà, inú fóònù ni ògbufọ̀ yìí ń gbé, ẹ kò mọ̀ pé ó wà rárá. Nígbà tí wọ́n dí ihò, ògbufọ̀ kó jáde nílé. Bí ẹ bá lo íápíìsì aláìníwáyà, inú íápíìsì náà ló wà. Bí ẹ bá lo adáptà USB-C, èyí tí a ń tì bọ ihò ṣáàjì, ó lè wà nínú adáptà, ó sì lè má sí níbẹ̀! Irú adáptà méjì ló wà lọ́jà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ní ògbufọ̀ tirẹ̀ nínú. Èkejì jẹ́ wáyà lásán, ó gbẹ́kẹ̀ lé e pé fóònù ṣì fi ọ̀kan pamọ́ sínú ilé. Àwọn fóònù kan fi í pamọ́, àwọn kan kò fi í pamọ́.

Mo jẹ nínú ìyà yẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ra adáptà, mo ti í bọ fóònù, mo ti íápíìsì bọ ọ́, mo tẹ orin. Kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé íápíìsì ló kú. Mo gbé e fún ẹni tó jókòó tì mí, ó tì í bọ fóònù tirẹ̀ tó ní ihò, orin bú jáde. Mo tún ra adáptà mìíràn, àwọ̀ kan náà, gígùn kan náà. Ìyẹn ṣiṣẹ́. Kò sí ohun kankan lára páálí méjèèjì tó lè sọ fún mi pé èwo ni èwo. Ihò tí kì í béèrè ohunkóhun la sọ nù, a wá gba èyí tó ń ṣe ìwádìí ìran ẹni.

Ẹni tó bá ń fi ihò kan ṣoṣo yẹn ṣáàjì kò lè fi gbọ́ orin nígbà kan náà, àfi kó tún ra adáptà ẹlẹ́ka méjì. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ti jìyà rẹ̀ tó.

Ti rédíò ni mo fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé ló ní ẹ̀rọ tó lè gbá FM mú nínú ikùn wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ìwo tí yóò fa ìgbì rédíò wọlé, torí ìgbì FM gùn ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta, fóònù kò sì gùn tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wáyà íápíìsì ni wọ́n ń lò bí ìwo. Ìdí nìyẹn tí fóònù yín fi máa ń sọ pé kí ẹ ti íápíìsì bọ̀ ọ́ kí rédíò tó sọ̀rọ̀, kódà bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ ní gbangba. Wọ́n dí ihò, wọ́n sì ti fi wáyà kan náà so rédíò lọ́wọ́. Rédíò kì í jẹ dátà. Lọ́jọ́ tí ìjì bá wó òpó fóònù lulẹ̀, rédíò lè máa sọ̀rọ̀ níbi tí gbogbo nǹkan yòókù ti dákẹ́. Kò sí ẹni tó dúró lórí pèpéle kankan láti sọ pé òun fi ìgboyà yọ rédíò.

Àwọn afọ́jú náà wà níbẹ̀. Ohùn ni fóònù fi ń bá wọn sọ̀rọ̀: ẹ fọwọ́ kan nǹkan lójú rẹ̀, á pe orúkọ nǹkan náà. Bluetooth, ọ̀nà tí fóònù fi ń bá íápíìsì aláìníwáyà sọ̀rọ̀, máa ń di ohùn náà kó tó jù ú sí afẹ́fẹ́, kí íápíìsì tó tú u. Ìdákẹ́ bíńtín ni, ìdá kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Lójú ẹni tó ń wo fíìmù, fóònù lè dá àwòrán dúró díẹ̀ kí ẹnu àti ohùn bára mu. Ẹni tó ń fi etí ríran kò ní àwòrán tí wọ́n lè dá dúró fún un. Ìgbàkígbà tó bá fọwọ́ kan nǹkan, ó ń dúró. Ẹ bi ẹni tó ń fi fóònù tẹ dùùrù náà. Á sọ fún yín pé ọwọ́ òun ti kúrò kí ohùn tó dé.

Bátìrì ńkọ́? Íápíìsì oníwáyà kò ní bátìrì, kò sì sí ohun tó lè kú nínú rẹ̀ àfi wáyà, èyí tí ẹni tó mọ òjé jó lè so padà. Aláìníwáyà ní bátìrì mẹ́ta: ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì, ọ̀kan nínú ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá, tí bátìrì bá ti gbó tí kò gba iná mọ́, inú pàǹtírí ni ohùn tó ṣì dáa náà ń lọ.

Mo ti ń to àwọn nǹkan tí wọ́n yọ kúrò lára fóònù pọ̀ nínú ọkàn mi, mo rí i pé mọ̀lẹ́bí ni púpọ̀ nínú wọn. Bátìrì tó ń yọ: mo lè pààrọ̀ rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Samsung yọ ọ́ kúrò lára Galaxy S ní 2015. Ojú ihò mẹ́mọ́rì: mo lè lọ ra àyè sí i lọ́wọ́ ẹni tó bá wù mí. Ó lọ, ó padà, ó tún lọ pátápátá kúrò lára Galaxy S ní 2021. Nísinsìnyí, ọwọ́ ẹni tó ṣe fóònù ni mo ti ń ra àyè lọ́jọ́ tí mo bá ń ra fóònù, ní iye tó bá wù ú. Síìmù: mo lè yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó fọ́, kí n fi í sínú òmíràn, kí ojú tó ṣẹ́. Láti 2022 ni iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ti ní ojú síìmù mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù, fóònù àti ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìlà ni yóò bára wọn sọ ọ́, òun á máa wòran. Bọ́tìnnì iwájú fóònù ni mi ò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò gba nǹkankan lọ́wọ́ mi.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ohun tó bá ti lọ ti lọ, pé ojú ọjọ́ ni ìlọsíwájú, a kì í bá a jà. Irọ́ ni. Ní 2016, Apple yọ ojú HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sójú tẹlifíṣọ̀n, àti ti káàdì fọ́tò kúrò lára kọ̀ǹpútà MacBook Pro. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà náà jẹun pariwo fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì dá méjèèjì padà ní 2021. Sony yọ ihò íápíìsì, wọ́n sì dá a padà sára fóònù Xperia 1 II ní 2020. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí gbogbo fóònù tuntun máa lo USB-C láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2024. Apple tó ti ń lo ihò tirẹ̀ tó ń jẹ́ Lightning láti 2012 yíwọ́ padà kí ọjọ́ náà tó pé. Òfin wọn mìíràn ní kí bátìrì ẹ̀rọ alágbèéká jẹ́ èyí tí oníǹkan lè yọ fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ 18 oṣù kejì 2027. Mo mọ̀ pé wọ́n á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú sí i. Kódà, ẹ lọ wo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Apple kan náà ń ṣe lónìí. Ihò íápíìsì wà lára rẹ̀ digbí. Ìgboyà kò tíì dé ibẹ̀.

Mo rí ọwọ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn. Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀. Hẹn-ẹn. Wọ́n ní fóònù wo lèmi gan-an ń lò.

Ẹ mà mú mi. Òun rèé. Ihò kan ni. Mo rà á torí kámẹ́rà rẹ̀, bí gbogbo yín ṣe ń ra tiyín. Adáptà rèé nínú àpò mi, ìkẹta nìyí; àkọ́kọ́ ni èyí tó yadi, èkejì sọ nù sínú àga ọkọ̀. Èyí, okùn ni mo fi so ó mọ́ íápíìsì.